Ọ̀nà Méjì Tí Ọ̀rọ̀ Ń Gbà Wọ Ìjerò

Láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Ìṣẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rí mi tí kò béèrè iyán. "Ṣìfáwù, o ti Èkìtì dé! Iyán ńkọ́?" Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bóyá ó ti kún sí i. Mo kọ́kọ́ ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kó sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Iyán wọn dára. Ó funfun, ó ń fà, wọ́n á gbé e síwájú rẹ nígbà tí ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀, wọ́n á sì dúró tì ọ́ títí o ó fi bu òkèlè àkọ́kọ́. Wọ́n ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ohun tí àwa ọmọ ilé ọlọ́kà kò lè gbà gbọ́. Ó parí. Ẹ má bi mí léèrè iyán mọ́, torí ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi oúnjẹ sọ.

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Ẹ mọ̀ pé wáyà ni mò ń so, kì í ṣe wáyà iná o, wáyà tí wọ́n ń pè ní fáíbà ni. Dígí ni, tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Gbogbo ohùn tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù, gbogbo àwòrán ọmọ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín, inú dígí yẹn ni wọ́n ń gbà lábẹ́ ilẹ̀, lẹ́bàá títì, láti ìlú dé ìlú.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ lè gbà wọ Ìjerò. Ọ̀kan lọ tààrà láti Àrámọkọ. Èkejì rìn yí ká, ó gba Ẹ̀fọ̀n, ó gba Òkèmẹ̀sí, kó tó yọ sí Ìjerò lẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà, èkejì jókòó, ó ń dúró de ọjọ́ wàhálà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rọ ti ìbẹ̀rẹ̀ á fi àmì kan há inú ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ti òpin á máa wo àmì náà bó ti ń dé. Bí àmì bá bàjẹ́, tàbí tí kò dé mọ́, àwọn méjèèjì á bára wọn sọ ọ́, wọ́n á sì gbé gbogbo ẹrù sórí ọ̀nà kejì kí o tó ṣẹ́jú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣe. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, èmi náà ti fi yangàn rí.

Ní ọ́fíìsì wa n'Ìbàdàn, àwọ̀ ewé ni ọ̀nà tó bá dá ṣáṣá máa ń ní lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá já, tí ọ̀rọ̀ kò sì rí ibòmíràn gbà, pupa ni. Pupa máa ń lé ènìyàn dìde nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó já, tí èkejì rẹ̀ sì ti bá a gbé ẹrù, yẹ́lò ni. Kò sẹ́ni tó ń dìde nítorí yẹ́lò. Ọ̀nà Àrámọkọ sí Ìjerò ti ń hàn ní yẹ́lò láti ìgbà òjò. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, kí ẹnìkan tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n rán ènìyàn lọ wò ó. Èmi ni wọ́n rán.

Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ìhà Iléṣà ni mo gbà wọ Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi tiwa, ẹ ò lè mọ bí àyà ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Òkè lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì, kùrukùru bo orí wọn, otútù sì ń gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni pé a gbàgbé ilẹ̀kùn sí ṣíṣí. Bàbá kan tó jókòó tì mí bi mí ní ilé bàbá mi, ó bi mí ní ti ìyá mi, ó bi mí bóyá mo lọ́kọ, lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní orúkọ. Bí mo ṣe lanu ni gbogbo ọkọ̀ mọ̀ pé àlejò ni mí.

"Ọmọ Ọ̀yọ́ ni," ni bàbá náà kéde fún wọn.

Mo ní Ìṣẹ́yìn ni mo ti wá. Ó ní ọ̀kan náà ni. Ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá adití sọ̀rọ̀, kí n lè gbọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo tún rí i pé ìfẹ́ ló fi ń ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti rí katakata. Wọ́n ń fẹ títì lójú sí i, ilẹ̀ pupa ti là sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Lẹ́bàá kòtò tí wọ́n gbẹ́, òpó kékeré tí a fi ń sàmì sí ibi tí wáyà wa wà ti dojúbolẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà wà níbẹ̀. Ó ní àwọn ti rí i, àwọn sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò já. Mo béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ó nawọ́ sí ọ̀nà Òkèmẹ̀sí.

Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ Ìjerò nìyẹn. Mo pe ọ̀gá mi n'Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, katakata ń tẹ̀ lé ọ̀nà kejì. Bó bá já, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ o."

"Ṣìfáwù," ó ní, "ṣé Ìjerò kú ni?"

"Rárá sà."

"Ó dáa. Máa lọ ṣe iṣẹ́ tí a rán ọ."

Lójú ọ̀nà láti Àrámọkọ

Àrámọkọ kò ní otútù bíi ti Ẹ̀fọ̀n. Ìlú tó jókòó dáadáa ni, ọmọ iléèwé kún ojú títì, kòkó tí wọ́n sá lẹ́bàá ọ̀nà ń rùn bí ọtí tó fẹ́ kan. N kò lè rìn kí n má kí ènìyàn. Wọn kì í gba ìkíni àrìnkí níbẹ̀. Bí o bá kí wọn tí o kọjá, wọ́n á pè ọ́ padà, wọ́n á ní kí ló ń lé ọ. Ìyá kan tó ń yí kòkó rẹ̀ padà kọ̀ láti sọ fún mi ibi tí ilé ẹ̀rọ wa wà, àfi ìgbà tí mo jókòó mu omi.

Mo so ẹ̀rọ mi mọ́ ẹnu wáyà. Ẹ̀rọ yẹn máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú dígí, ibi tí dígí bá ti já ni ìmọ́lẹ̀ ti máa ń padà, yóò sì sọ fún ọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó. Mo gun ọ̀kadà, mo ń wo òpó àmì wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A kọjá oko, a kọjá ilé iṣẹ́ pákó, a dé ìletò kan láàrin Àrámọkọ àti Ìjerò. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ní kí n dúró.

Mo wo ilẹ̀. Kò sí kòtò, kò sí ibi tí àgbàrá wọ́. Ilé alámọ̀ kan ló wà níwájú mi, ilé àtijọ́ tí wọ́n kùn ní funfun. Láàrin ilé náà àti gọ́tà títì, ní ojú ibi tí wáyà mi gbà, ni wọ́n sin ẹnìkan sí. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n, wọ́n fi táìsì bò ó, ó ń dán nínú oòrùn.

Mo dúró síbẹ̀, mo di ẹ̀rọ mú, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

"Ọmọ mi," ohùn kan ní lẹ́yìn mi, "kí lò ń wá lórí ulé ọkọ mi?"

Bí wọ́n ṣe ń pe ilé nìyẹn lọ́hùn-ún, ulé. Màmá kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé gèlè dúdú, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní kí n wọlé jẹun ná, pé ẹni tí ebi ń pa kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀.

Ulé

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́. Ọkọ rẹ̀ tó wà nínú ibojì náà jẹ́ ọ̀gá iléèwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ìgbà òjò ló kú. Àwọn ọmọ wà káàkiri, àbígbẹ̀yìn wọn, Fúnmi, wà nílùú òyìnbó, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àìsàn ọkàn ń ṣe é. Ó ti dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́ náà ò jìnnà mọ́.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́, Màmá á jókòó sórí àga kan báyìí lójú fèrèsé, fóònù á dún, ojú Fúnmi á yọ. Ó rù, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá á ka Sáàmù, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú fóònù bí ẹni gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, á gbàdúrà, Fúnmi á ṣe Àmín. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn síbẹ̀, Màmá ní kí èmi náà súnmọ́ kí n ṣe Àmín. Mo ní, "Màmá, mùsùlùmí ni mí." Ó ní, "Ṣé Àmín tiyín kì í gòkè ni?" Fúnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Àdéhùn kan wà láàrin wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n tó gbé e wọlé, Fúnmi yóò pè, Màmá yóò gbọ́wọ́ lé e.

"Ẹ̀rù ń ba ọmọ mi," ni Màmá sọ fún mi lẹ́yìn tí wọ́n parí. "Ó ní tóun bá ti gbọ́ àdúà mi, òun á lè pajú dé."

Mo wá bi í nípa ibojì. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Ìjọ. Òun ni olórí ẹbí báyìí. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì.

"Okùn dúdú kan wà níbẹ̀ lóòótọ́," ó ní. "Àwọn tó gbẹ́ sàréè ní okùn tẹlifóònù ayé àtijọ́ ni. Wọ́n fi àdá gé e."

"Bàbá, okùn tó ń gbé fóònù yín nìyẹn. Ìhà Ìjerò ni nẹ́tíwọ̀kì yín ti ń wá."

Ó wò mí bí ẹni wo òpùrọ́. "Ọmọ mi, fóònù wa kò kú. Lọ́jọ́ kejì, Fúnmi wo ìsìnkú bàbá rẹ̀ lórí fóònù láti orí orin títí dé erùpẹ̀, kò já lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kú ni, à bá mọ̀ pé a ti ṣe nǹkan."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí àdá ṣe bọ́ sórí wáyà, ẹ̀rọ Ìjerò àti ẹ̀rọ Àrámọkọ ti gbé gbogbo ẹrù gba Ẹ̀fọ̀n kí ẹni tó mú àdá tó gbé e sókè. Wọ́n ṣe é dáadáa débi pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a gbọgbẹ́. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́, tí èkejì sì ń ríran dáadáa, kò ní lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ilẹ̀ tí wọn kò tíì pín

Kò sí ẹni tó ní kí a hú òkú. Èmi náà kò jẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún irú ìyẹn. Gọ́tà oníkọnkéré ló wà níwájú ibojì, títì ló tẹ̀ lé e, a kò lè gba ibẹ̀. Ọ̀nà tó kù ni kí a gbẹ́ ilẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé, kí wáyà yí ilé po, kó tún jáde sí ẹ̀bá títì lápá kejì. Bàbá Ìjọ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mi orí.

"A kò tíì pín ogún," ó ní. "Ulẹ̀ tí a kò tíì pín, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n ti ọkọ́ bọ̀ ọ́. Bí mo bá gbà fún ọ, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ní mo ti ta á. Kí ẹbí jókòó ná."

"Ìgbà wo ni ẹbí ń jókòó, Bàbá?"

"Bí àkọ́bí bá ti Èkó dé."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó lè jẹ́ àjíǹde."

Ọdún Àjíǹde ló ń wí. Ọyẹ́ la sì wà! Mo ṣàlàyé katakata fún un. Mo ní bí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n bá já, fóònù gbogbo yín á di òkúta. Ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ irú ìdáhùn yẹn. Mo jáde lọ dúró lẹ́bàá títì, mo fẹ́ sunkún, mo wá rántí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo padà wọlé.

Màmá ni mo bá lórí ìkúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn ló fi kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń fọ aṣọ fún un nígbà tó wà ní iléèwé. Mo fẹ́ fà á dìde, ó ta mí lọ́wọ́ nù.

"Ẹni tó kú ti lọ sinmi," ó ní. "Fúnmi ló kù tí mò ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe uṣẹ́ rẹ̀."

Ara Bàbá Ìjọ kò gbà á. "Ẹ dìde, ìyàwó wa, ẹ dìde," ó ń wí, ohùn Bíbélì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Kí ó gbẹ́ ẹ. Bí àwọn ọmọ bá bínú, kí wọ́n bínú sí mi."

Ìyẹn ni ìwà àwọn ènìyàn náà tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Wọ́n le bí òkè wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà fún ọ, wọ́n gbà tán. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ ló lọ kó àwọn alágbàṣe wá. Òun náà ló ń sọ fún wọn ibi tí gbòǹgbò obì wà kí wọ́n má bà á jẹ́. Kòtò yí ilé po, ó mọ́, ó tọ́. Wáyà ló kù.

Àwọ̀ yẹ́lò

Wáyà tí wọ́n fún mi n'Ìbàdàn kò tó yí ilé ká. Ta ló mọ̀ pé mo fẹ́ yí ilé òkú po? Mo pe ọ̀gá mi. Ó ní kí n kọ ìbéèrè ránṣẹ́. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní ó wà níwájú ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Mo pe ẹni tó ń fọwọ́ sí i, ọmọbìnrin onírẹ̀lẹ̀ kan, ó ní, "Àǹtí, mo rí i o, àmọ́ yẹ́lò ni. Àwọn tó pupa ló wà níwájú yín."

"Kí yẹ́lò tó di pupa ni mo ṣe ń bẹ̀ yín."

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ máa fi sùúrù ṣe é."

Lójoojúmọ́ ni mò ń pè. Lójoojúmọ́ ni Màmá ń gún iyán fún mi, tí mo sì ń fi ìdajì sílẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń ná Ẹ̀fọ̀n sọ fún mi pé katakata ti kọjá orí òkè, ó ti dojú kọ Òkèmẹ̀sí. Mo tún pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà, mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ gbẹ́ níbi tí òpó àmì wa bá wà. Ó ní àwọn ń gbìyànjú. Mo gbà pé wọ́n ń gbìyànjú. Gbogbo wa là ń gbìyànjú, kò sì sẹ́ni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kòtò wa là ẹnu sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ewé obì ń já bọ́ sínú rẹ̀, a sì ń gbá a jáde.

Òwúrọ̀ iṣẹ́ abẹ

Màmá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, fóònù wà lórí itan. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Ìjọ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù kò dún. A kọ́kọ́ rò pé wọ́n pẹ́ ni nílé ìwòsàn. Mo wá wo fóònù mi, mo rí i pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Mo wo ti Bàbá Ìjọ, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni tirẹ̀, òun náà ti lọ. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń háyà wáyà kan náà. Màmá yọ káàdì fóònù rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà. Lójú títì, àwọn ènìyàn ti ń gbé fóònù sókè sójú ọ̀run, wọ́n ń yí i síhìn-ín, wọ́n ń yí i sọ́hùn-ún.

Mo mọ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì tún ti bára wọn sọ ọ́, wọ́n gbé ẹrù, wọ́n wá ibi tí wọn yóò gbé e sí, ọ̀nà kejì tó kù sì wà lábẹ́ ibojì.

"Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ti já," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé Màmá lọ sí Àrámọkọ. Nẹ́tíwọ̀kì wà níbẹ̀."

Bàbá Ìjọ sáré. N kò rò pé ó ti sáré láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó dúró láàrin títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, takisí kan tó kún fún èrò dúró. Ó ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀, ẹnìkan kò bi í léèrè. A gbé Màmá sí iwájú, èmi àti Bàbá Ìjọ wọ ẹ̀yìn. Awakọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tẹ mọ́tò débi pé ó ń fò. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú fóònù tó kú, ètè rẹ̀ ń mì.

A ti rí òrùlé Àrámọkọ nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n, ó tún gbọ̀n. Gbogbo ìgbà tí Fúnmi ti pè ló ń wọlé tẹ̀ léra. Ẹ̀yìn wọn ni ohùn kan tó fi sílẹ̀. Màmá ní kí n tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, mo pè yín, kò wọlé. Ó dà bí ẹni pé nẹ́tíwọ̀kì yín ò dáa. Wọ́n ti wá gbé mi. Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ti dúró, wọn ò lè dúró mọ́. Ẹ má dààmú o. Mo ti pajú dé, mo ń ṣe bí ẹni pé mo gbọ́ yín."

Màmá ṣe Àmín. Ó tún ṣe é. Ó pe nọ́ńbà náà padà, ẹnìkan ò gbé e.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù

A jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Àrámọkọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ wá rí. Ó gbé àga jáde, ó gbé omi jáde, ó wo ojú wa, ó wọlé. Awakọ̀ takisí kọ̀ láti lọ. Ó jókòó sórí ìtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ pa orí.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Ọ̀gá mi ni, ó ń pariwo. "Ṣìfáwù! Ìjerò ti pupa! Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Wáyà ti wà nínú ọkọ̀, ó ti kúrò n'Ìbàdàn báyìí. Kó o má sùn títí Ìjerò yóò fi dìde!"

Gbogbo wáyà tí mo fi ọ̀sẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún, àwọ̀ lásán ló gbé e sínú ọkọ̀. Mo fẹ́ bú u. Mo fẹ́ bú ìyá tó bí i. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó dáa sà." Mo pa fóònù, mo sì sunkún níṣojú gbogbo ènìyàn.

Oòrùn ti yí orí nígbà tí ẹnìkan gbé fóònù Fúnmi. Nọ́ọ̀sì òyìnbó ni, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Màmá na fóònù sí mi, nítorí òyìnbó rẹ̀ kò tó. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ẹbí ni mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ó ní wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ó ní ọkàn rẹ̀ dúró lórí tábìlì, kò sì padà. Ó ní kò jẹ ìrora. Mo ní ẹ ṣé. Ta ló kọ́ mi pé kí n ní ẹ ṣé?

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Sọ ọ́, ọmọ mi. Bó bá ṣe rí ni kó o sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Yorùbá Ìṣẹ́yìn ni mo fi sọ fún ìyá kan ní Èkìtì pé ọmọ rẹ̀ kò jí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó gbé orí lé orúnkún Bàbá Ìjọ, bàbá náà sì ń pe orúkọ oríkì rẹ̀, ó ń pè é, ó ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó fẹ́ dákú.

N kò mọ̀ bóyá Fúnmi ìbá yè ká ní ó gbọ́ àdúrà náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ó fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rù ń bà á, ó sì wọlé lóun nìkan.

Àwọ̀ ewé

Wáyà dé. Mo so ó. Mo tẹ́ ẹ yí ilé po nínú kòtò tí a ti gbẹ́, mo fi iná yọ́ ẹnu dígí pọ̀ mọ́ dígí, lẹ́yìn ilé àti lẹ́bàá títì. Àwọn alágbàṣe bo ilẹ̀. Ilé ti kún fún àwọn abánikẹ́dùn, orin ìjọ ń jáde lójú fèrèsé, orin tí wọ́n ń kọ fún ọmọ tó ṣáájú ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ Ìjerò rí àmì rẹ̀ padà. Ọ́fíìsì pè mí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní gbogbo Ìjerò ti dìde, pé mo ṣe gudugudu méje. Ọ̀gá mi ní kí n sinmi kí n tó máa bọ̀. Mo kó irinṣẹ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé lọ dágbére. Àwọn àlejò ti dín kù. Màmá jókòó sórí àga lójú fèrèsé, ó di fóònù mú. Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ ní kó máa bínú, kó bú mi, kó bú ilé-iṣẹ́ mi, kó bú ẹni tó mú àdá. Ó kàn na fóònù náà sí mi létí.

Nọ́ńbà Fúnmi ló ń pè. Níbì kan nílùú òyìnbó, nínú àpò kan tí wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sí, ó ń dún.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ó bi mí.

"Mo gbọ́ ọ, Màmá. Ó ń dún."

"Ó ń dún ketekete," ó ní. "Uṣẹ́ rẹ dára, ọmọ mi."

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó dúró títí tó fi dákẹ́, ó sì tún un pè.